Etí Mẹkáníìkì: Títún Kabúrétọ̀ Ṣe ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni ti olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ mi, Peugeot 504, ni ó mú mi dé ìdí rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti ń tú èéfín dúdú títí mo fi dé Owódé ní Ọ̀yọ́. Bí mo bá sì ti dúró, yóò kú.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí mo bá níbẹ̀ kò kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ kankan. Ó dẹ etí sí i, ó ní, "Bàbá, epo ń pọ̀ jù fún un. Kò rí afẹ́fẹ́ mí."

Òótọ́ ni ó sọ. Bí a bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n, ìdá 14.7 afẹ́fẹ́ ni ìdá 1 epo bẹntiróòlù nílò kí ó tó lè jó tán. Kabúrétọ̀ ni ó ń pò wọ́n pọ̀: afẹ́fẹ́ yóò gba ibi tóóró kọjá, eré rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, yóò sì fa epo jáde láti inú ihò tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá yìí yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti dí, ó gbọ̀n ọ́n nù. Lẹ́yìn náà ni ó wá yí síkúrù méjì. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ inú kabúrétọ̀ pa dé tán. Èkejì ni ó yí wọlé títí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í "kólòlò", tí ó sì yí i padà díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi já geere. Kólòlò! Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje lórí ìdámẹ́rin máìlì ní Amẹ́ríkà náà ní ohun ìdádúró fún ilẹ̀kùn yìí, ṣùgbọ́n tiwọn kì í jẹ́ kí ó ṣí tán fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ní ìsọ̀rí Super Comp, ẹni tí ó bá yá ju ìṣẹ́jú-àáyá 8.90 lọ lè tìtorí ìyára pàdánù. (Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èyí pa mí lẹ́rìn-ín.)

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń jókòó sínú yàrá ìpàdé tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èmi náà wà níbẹ̀. N kò sì lọ bi mẹkáníìkì kankan rí. Nígbà tí mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo bi òmíràn ní Tákìé bóyá òun náà ń pè é ní kólòlò. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Bí epo bá kéré, ikọ́ ni yóò máa hú. Iná púlọ́ọ̀gì ni ó ń kólòlò." Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà tí kò ní kabúrétọ̀ ni ọmọ náà sì fẹ́ kọ́.