Ẹyẹ àti Òdòdó Ẹ̀bá Ọ̀nà: Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá tí kì í rí ju ọkọ̀ akẹ́rù àti kòtò lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fi odidi ọjọ́ kan rin ọ̀nà náà ní oṣù kọkànlá, tí ó ń dúró wo ọ̀tún wo òsì, yóò rí ẹ̀kọ́ mú bọ̀ wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Kí ó tó jáde ní Ọ̀yọ́ rárá ni yóò ti gbọ́ ariwo ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Akọ ẹ̀gà ni í ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí í fi í hun ilé. Bí abo bá yẹ ilé náà wò tí kò wù ú, akọ yóò tú u, yóò sì tún òmíràn hun.

Bí ilé bá tán tí oko bẹ̀rẹ̀, òdòdó jogbo ni yóò máa kí arìnrìn-àjò, ó pọ́n bí èso ìyeyè. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni igi yìí ti wá. Ewé rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ro ó mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ yóò lọ́ràá.

Ẹ̀gbẹ́ jogbo ni ewé Akíntọ́lá wà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá, omi ewé rẹ̀ sì ni àwọn àgbẹ̀ fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ dúró. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tí wọ́n pa ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Àwọn mìíràn ń pe ewé kan náà ní ewé Awólọ́wọ̀. Ìjà òṣèlú ọjọ́ náà ti di ìtàn, ewé ṣì ń hù.

Ní agbègbè odò Ọbà, lékèélékèé ń tẹ̀ lé màlúù, wọ́n ń ṣa tata tí màlúù ń tú jáde nínú koríko. Ẹyẹ yìí ni àwọn ọmọdé máa ń bẹ̀ pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Nínú igbó etí odò ni ibùgbé àlùkò. Bí ó bá na ìyẹ́ láti fò, pupa ìyẹ́ rẹ̀ á yọ bí osùn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ pé bàbà wà nínú pupa náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí arìnrìn-àjò béèrè igún lọ́wọ́ àwọn alápatà. Nígbà kan rí, igún kì í wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Lónìí, ènìyàn lè wòkè títí kí ó má rí ẹyọ kan. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Síbẹ̀ a ń pa á tà fún oògùn, a ń gé àwọn igi ńlá tí ó ń sùn lé, májèlé inú òkú ẹran sì ń pa á. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò ohun abẹ̀mí ka igún wa tí ó wọ́pọ̀ jùlọ mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó súnmọ́ ìparun pátápátá.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú ilé iṣẹ́ ọgbà ẹranko Old Oyo wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀ ní 1991. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọgbà náà. Ta ni ó ń ṣọ́ ẹyẹ ẹ̀bá ọ̀nà?

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ ni ìdáhùn wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè orúkọ ẹyẹ kan àti ewé kan lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí baba àgbà rẹ̀, kí ó lọ rí wọn sójú, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ẹyẹ tí ènìyàn kò mọ orúkọ rẹ̀, kì í mọ ọjọ́ tí ó lọ.