TA NI YÓÒ SAN OWÓ OMI TÓ JÒ DÀNÙ?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ìparí oṣù

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré létí, ṣùgbọ́n ó ti da ọ̀pọ̀ agbo ilé rú. Ọ̀rọ̀ omi tó ń jò nínú ilé àyágbé ni. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a rí ẹni tó yá owó ẹgbẹ́ láti fi kọ́lé, tó sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ èrò. A sì rí ẹni tó yá owó ẹgbẹ́ láti fi san owó ilé. Àwọn méjèèjì ló jókòó síbí. Nítorí náà, n kò wá gbèjà onílé, n kò sì wá gbèjà ayálégbé.

Nígbà kan, èmi náà yá yàrá méjì ní Ìbàdàn. Ìdílé mẹ́fà ni wá, omi ẹ̀rọ kan ni gbogbo wa jọ ń lò. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Gbogbo wa rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń sọ pé, "Ilé onílé ni." Onílé kò gbé pẹ̀lú wa, kò sì sí ẹni tó lọ sọ fún un. Nígbà tí bílì oṣù mẹ́ta dé, ó ní àwa tí a lo omi ni yóò san án. A kọ̀, òun náà kọ̀, wọ́n sì gé omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi. Owó tí a fi ra omi ju owó tí a ń jà lé lórí lọ. Kí ìjà tó parí, ògiri ẹ̀yìn ti sán. Onílé pàdánù, àwa náà pàdánù.

Báwo ló ṣe yẹ kí a pín ẹrù náà? Ẹ wo ibi tí omi ti ń jò, kí ẹ sì wo ohun tó fà á. Páìpù inú ògiri, ti abẹ́ ilẹ̀, àti tánkì tí gbogbo èrò jọ ń lò, ti onílé ni. Ẹ̀rọ tí ọmọ ayálégbé fà já, tàbí èyí tí ó ṣí sílẹ̀ nígbà tí omi kò sí, tí omi wá dé tí ó ń ṣòfò, ti ayálégbé ni.

Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé àyágbé ní ọdún 2011 tọ ọ̀nà yìí pẹ̀lú. Ó ní kí ayálégbé tọ́jú ilé tó yá, yàtọ̀ sí ohun tí ìlò lásán bá mú gbó. Ó ní kí onílé máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo èrò jọ ń lò ṣe. Bí onílé bá sì gba owó ìtọ́jú ilé lọ́tọ̀, kí ó fún èrò ní rìsíìtì ọ̀tọ̀, kí ó sì kọ ìṣirò bí ó ṣe ná an fún un, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ o; ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ayálégbé tó rí omi tó ń jò tí ó dákẹ́ ti bá wọn pín nínú gbèsè. Onílé tó gbọ́ tí kò ṣe nǹkan kan, tirẹ̀ ni ìyókù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Bí omi tó ń jò bá kún garawa lítà 20 kan ní wákàtí kan, garawa 24 ni lójúmọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di lítà 14,400.

Bí ẹ bá ní mítà, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa lálẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti yí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì pọn omi, omi ń jò níbì kan. Fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ bu búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú tánkì ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àwọ̀ náà bá dé inú àwo láìjẹ́ pé ẹ fà á, ó ń jò.

Kí ẹni tó ń lo kànga ẹ̀rọ má rò pé òun bọ́. Bí tánkì bá ń jò, pọ́ńpù yóò máa fa omi lásán, owó iná ni yóò sì máa jẹ.

Ẹni tó bá ń kó wọ ilé tuntun, kí òun àti onílé jọ wo mítà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì béèrè rìsíìtì bílì tó kẹ́yìn, kí ó má baà jogún gbèsè ẹni tó kó jáde.

Ẹ̀yin ará, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó tí ń bá omi jò lọ, ìbá dára kí ó wà nínú ìwé ìfowópamọ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le láàárín onílé àti ayálégbé tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kí ó tó di ìjà.