Kí Ìbora Tó Bẹ́ẹ̀dì: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìránṣọ ní Agége

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ni ọjọ́ òní gan-an, mo mọ̀ yín. Mo mọ àwọn tó ń sáré wọ ọkọ̀ ojú irin láti Agbádó kí n tó pe orúkọ láàárọ̀. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé tí iná bá ti lọ, wọn kì í dìde, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń sún mọ́, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ̀yin òbí, ọmọ gidi lẹ fi lé wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ ìdágbére. Mi ò ní sọ̀rọ̀ owó, ẹ ó rí ẹni tí yóò bá yín sọ ìyẹn. Ìwọ̀n ni mo fẹ́ sọ, ìwọ̀n ìbora ni pàápàá, torí ìbora alábùlẹ̀ tí ẹ fi flánẹ́ẹ̀lì rán ní sáà yìí, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní quilt, ló kọ́ yín lóhun tí búláòsì àti kaba kò lè kọ́ yín. Tí búláòsì bá fún oníbàárà lábíyá, yóò pariwo lójú ẹsẹ̀, ẹ ó tú u, ẹ ó bá a sọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá fún un níkùn, òun fúnra rẹ̀ lè fa ikùn mọ́ra títí òde yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀dì kì í fa ikùn mọ́ra. Bó ṣe wà ló wà, aṣọ ló gbọ́dọ̀ wá bá a.

Ẹ wo ibi tí a wà yìí, kí ẹ lè mọ ibi tí fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì ti ń wá. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Akran ti Àgbádárìgì, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ẹkùn náà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà Ọba Akran tí ẹ̀ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Lójú ọ̀nà yẹn ni Vitafoam wà, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Mouka náà kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀nà Awósìkà ló wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé fóòmù tí àìmọye ènìyàn ń sùn lé ní ilẹ̀ yìí, àdúgbò wa ni wọ́n ti ń gé e. Ẹ̀rọ ló sì ń gé e. Fóòmù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà tó jáde lónìí, ìwọ̀n kan náà ni yóò fi jáde lọ́la. Nigerian Textile Mills tó ń hun aṣọ ní Ìkẹjà níbí ti kógbá wọlé, aṣọ tí à ń rà ní Balógun àti Aswani, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ìyẹn ń dùn mí, mi ò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìránṣọ ṣì kù sí wa lọ́wọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fóòmù bá ti parí tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ kàn. Ibi tí ẹ̀rọ wọn fi iṣẹ́ sí ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ọwọ́ yín fi gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ wọn dọ́gba.

Bẹ́ẹ̀dì tí à ń pè ní 6 by 6 jẹ́ íǹṣì 72 níbùú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ télọ̀ máa ń dúró sí. Wọ́n á rán ìbora oní-72, wọ́n á gbé e fún oníbàárà, ìbora yóò wá jókòó sórí fóòmù láìkan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rárá. Wọn ò wọn gíga fóòmù. Fóòmù tó ga ní íǹṣì 10 ń fẹ́ 10 lápá ọ̀tún, ó ń fẹ́ 10 lápá òsì, nítorí náà ìbora tí yóò bò ó dé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 92. Ẹ máa bi oníbàárà bí fóòmù rẹ̀ ṣe ga. Tí kò bá mọ̀, ẹ gbé tépù, ẹ lọ wọ̀n ọ́n nílé rẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Agége dé Ọ̀rẹ̀gún kò tó owó ìbora tí wọ́n dá padà.

Ẹ rántí ìbora kíláàsì yín. Ègé 16 la tò sí ìlà kọ̀ọ̀kan. A gé ègé kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì mẹ́fà àtààbọ̀, kí ó lè ku mẹ́fà gbáko tí a bá ti yọ kọ́tà íǹṣì fún àláwáǹsì, ìyẹn etí tí à ń rán mọ́nú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mẹ́fà lọ́nà 16, 96 nìyẹn. Ẹ ti ń yọ̀ pé íǹṣì mẹ́rin yóò ṣẹ́ kù lórí 92 tí a ń fẹ́. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sórí tábìlì ńlá, tépù sọ pé 92. Ẹnì kan ní ẹni tó gé aṣọ ló jẹ̀bi, ẹni tó gé aṣọ ní àlùmọ́gàjí ni kò mú. A tú ìlà kan, a fi rúlà irin wọn àláwáǹsì rẹ̀, a sì rí i pé dípò ìdá mẹ́rin íǹṣì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni ọwọ́ yín ń mú. Ohun tó fi lé kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n apá méjì ni ègé kọ̀ọ̀kan ní, èyí tó sọ ọ́ di kọ́tà íǹṣì lórí ègé kan, ẹ wá sọ ọ́ di 16, íǹṣì mẹ́rin ti lọ láìsí ẹni tó jí i.

Tí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ègé méjì àkọ́kọ́ lẹ ti wọ̀n ọ́n ni, ẹ̀ bá ti rí i nígbà náà. Ègé méjì tí a rán pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 12 àtààbọ̀ láti etí dé etí. Tó bá ti kéré sí i, ẹ dá ẹ̀rọ dúró.

Lẹ́yìn náà la fọ̀ ọ́. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò fọ aṣọ náà kí ẹ tó gé e, mo dákẹ́, nítorí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí ohun tí omi lè ṣe. Flánẹ́ẹ̀lì, aṣọ òwú tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà nírun ni, wọn kì í hun ún le, torí náà tí omi gbígbóná bá kàn án, yóò súnkì. Íǹṣì márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kò ṣàjèjì sí i. 92 yín di 87 àti díẹ̀. Ti súnkì yìí nìkan kọ́. Apá kan lára flánẹ́ẹ̀lì náà, bẹ́ẹ̀dṣíìtì òkìríkà tí a rà ní Kàtàǹgówà ni, tí ẹni ẹlẹ́ni ti fọ̀ tí fọ̀ nílùú òyìnbó, ó ti súnkì tán kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Apá kejì, tuntun tí a rà ní yáàdì, kò tíì fojú kan omi rí. Tuntun fà, àlòkù ò fà, ni ojú ìbora bá hunjọ bíi ojú ẹni tó ń wo oòrùn ọ̀sán. Mi ò ní kí ẹ má ra òkìríkà o. Flánẹ́ẹ̀lì àlòkù rọ̀ ju tuntun lọ, ó sì dára fún ìbora ọmọdé nígbà ọyẹ́. Kí ẹ ṣáà ti fọ tuntun lẹ́ẹ̀mejì nínú omi gbígbóná kí àwọn méjèèjì tó pàdé.

Tó bá gbẹ, ẹ fi sítáàṣì sí i. Flánẹ́ẹ̀lì tí kò ní sítáàṣì lára ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́, ẹ ó gé e ní ìgun mẹ́rin tó dọ́gba, kí ẹ tó gbé e dé ẹ̀rọ ó ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ gbé e kúrò, ẹ má wọ́ ọ lórí aṣọ. Ó tún máa ń tú létí, ìdí nìyí tí kọ́tà íǹṣì kò fi tó o. Láti òní lọ, ẹ máa fi hááfù sílẹ̀ fún un, kí ẹ gé ègé oní-mẹ́fà ní íǹṣì méje. Abẹ́rẹ́ 90 ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì máa ṣí ìdí bọ́bìnnì wò, torí irun tó ń bọ́ lára flánẹ́ẹ̀lì máa ń dí ibẹ̀, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fo, ẹ ó máa bú oníṣòwò òwú.

Nígbà mìíràn, ìlà kan á gùn ju èkejì lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹ fi èyí tó gùn sísàlẹ̀. Eyín tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ló ń wọ́ aṣọ ìsàlẹ̀ lọ, yóò sì máa kó èyí tó lé mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé òpin pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní Agége níbí ló mọ èyí lọ́wọ́ tí wọn ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu rí. Mo ń sọ ọ́ fún yín lójú gbogbo ayé.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wá kéré lẹ́yìn gbogbo èyí ńkọ́? Ẹ má fà á. Mo ti rí télọ̀ tó da omi sí flánẹ́ẹ̀lì, tó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, tó fi ọwọ́ méjèèjì fà á títí tó fi pé 92, tó gbowó. Aṣọ náà gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ó padà síbi tó wà, oníbàárà kò sì padà wá mọ́. Ìgbátí ni kí ẹ fi kún un. Ẹ tẹ́ ìbora sílẹ̀, kí ẹ wọn àárín rẹ̀, kì í ṣe etí rẹ̀, nítorí etí flánẹ́ẹ̀lì máa ń fẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ti ń gbé e sókè sódò. Tí àárín bá jẹ́ 87, tí etí jẹ́ 88 àtààbọ̀, 87 ni kí ẹ gé ìgbátí náà. Ẹ ká ìgbátí sí méjì, kí ẹ tún un ká sí mẹ́rin, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ẹ ká etí ìbora bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi píìnì so àmì mọ́ àmì kí ẹ tó rán an. Etí tó ti ń ta bí ìgbì omi yóò tẹ́jú. Bí ẹ ṣe ṣe tiyín nìyẹn, pẹ̀lú flánẹ́ẹ̀lì búlúù tí ẹ tú lára àgékù, ìgbátí íǹṣì mẹ́ta mẹ́ta yíká, ó di 93. Àwọn tó wọlé wá wò ó rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe yà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ìbora bá tóbi jù, ìyẹn kò le, ẹ tú ìlà kan kúrò.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ òyìnbó nìyí, ẹ mú un lọ sí Ìṣẹ́yìn. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òfì ń jáde lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ níbẹ̀, télọ̀ ló ń so ó pọ̀ di agbádá. Tí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá fà ju èkejì lọ, ìlà ara aṣọ kò ní pàdé, gbogbo agbo á rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin dúdú ní Gee's Bend, ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Aṣọ oko tó ti gbó ni wọ́n ń gé, wọ́n ń fi í rán ìbora nítorí òtútù. Ní 2002, wọ́n kó àwọn ìbora náà sí ilé àwòrán ńlá ní Houston, ní 2006 ìjọba Amẹ́ríkà fi wọ́n sórí sítáǹbù. Nígbà tí wọ́n bá ń rán ti ara wọn, ojú inú wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìlà á wọ́, ègé á tóbi ju ègé lọ, ẹwà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1972, ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin àgbègbè náà dá sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìtajà Sears láti rán àpò ìrọ̀rí aṣọ kọ́dúrọ́ọ̀yì, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Wọ́n ṣe é. Àgékù kọ́dúrọ́ọ̀yì náà, wọ́n kó o lọ sílé, wọ́n sọ ọ́ di ìbora tó wuni. Mo fẹ́ kí ọwọ́ yín mọ irú iṣẹ́ méjèèjì yẹn: kí ẹ mọ ìgbà tí aṣọ jẹ́ tiyín láti fi dárà, kí ẹ sì mọ ìgbà tó jẹ́ ti ẹni tó ti sanwó fún 92.

Ọ̀rọ̀ tépù ló kù. Tépù onírọ́bà tí ẹ̀ ń rà lójú ọ̀nà máa ń fà bó bá pẹ́. Ẹ fi í lé rúlà irin ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti lé, ẹ gé e dànù, kí ọmọ iṣẹ́ má baà mú un nígbà tí ẹ ò sí nílé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí yín ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọwọ́ yín kò ní ṣá. Ẹ̀rọ kò ní já yín kulẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Oníbàárà tó bá gbé aṣọ wá yóò mú ẹlòmíràn wá. Àṣẹ.

Tábìlì ńlá tó wà lẹ́yìn yìí ṣì jẹ́ tiyín ní gbogbo Sátidé. Kò sí ilé tí ẹ ó yá ní Agége tí àyè rẹ̀ yóò gba ìbora oní-92 láti tẹ́ sílẹ̀ pátápátá, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ gbé e wá síbí kí a wọ̀n ọ́n. A kì í gba owó. Ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ báyìí, kí ó jáde wá gba sáàtífíkéètì rẹ̀, kí òbí rẹ̀ sì bá a jáde.