Ṣíṣe Àkóso Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Ìwà Wọn Yàtọ̀ Síra



Ẹni tó gbà nínú ilé pé ìka kò dọ́gba a máa dé ibi iṣẹ́ kí ó fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ rí bákan náà. Ní ilé ìtẹ̀wé, òṣìṣẹ́ tó ń farabalẹ̀ ni ọ̀gá sábà máa ń pè ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí ó máa wá àṣìṣe inú ìwé kí ó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ.

Ànábì Muhammad (SAW) mọ àwọn sàhábà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Abdullah ọmọ Zayd ló lá àlá ọ̀rọ̀ ìpè ìrun. Ànábì ní kí ó fi kọ́ Bilal, kí Bilal sì máa pè é, nítorí pé ohùn Bilal dára jù. Nígbà tí Abu Dharr béèrè fún ipò, Ànábì sọ fún un pé kò lágbára tó fún un, pé ohun àfipamọ́ ni àkóso, àbámọ̀ ni yóò sì jẹ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde fún ẹni tí kò bá gbé e bó ti tọ́. Èyí kò dín iyì Abu Dharr kù. Olódodo ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Òdodo lọ́tọ̀, àkóso lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò tíì gba èyí: bí ẹnì kan bá ti ń kírun déédéé, wọn a fi í ṣe akápò, ì báà má mọ ìṣirò.

Ìwà ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣòro jù láti yẹ̀ wò. Abu Bakr jẹ́ ẹlẹ́mìí tútù. Khalid ọmọ Walid, ẹni líle, ló sì ń lò lójú ogun. Nígbà tí Umar, tí òun fúnra rẹ̀ le, di Kálífà ní ọdún 634, ó gba ipò olórí ogun Síríà lọ́wọ́ Khalid, ó fi Abu Ubaydah onísùúrù síbẹ̀. Ibn Taymiyyah, tó kú ní ọdún 1328, ṣàlàyé pé báyìí ni ìwà olórí àti ti igbákejì rẹ̀ ṣe ń mú ara wọn dọ́gba. Ọ̀gá tí inú rẹ̀ ń tètè ru, tó tún fi oníbìínú ṣe igbákejì, ta ni òṣìṣẹ́ tó ṣàṣìṣe yóò sá tọ̀?

Khalid kò torí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dúró lábẹ́ Abu Ubaydah. Abu Ubaydah náà kò tì í sẹ́yìn: nígbà tí ogun Yarmuk dé ní ọdún 636, ó fi títo àwọn ọmọ ogun lé Khalid lọ́wọ́.