Ìṣípà Bàbá Wa Àgbà: Ohun tí Àwọn Ọdẹ Mọ̀ tí Àwa Ọmọ Kò Mọ̀

    

Bàbá tó bí bàbá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọdẹ ni, àgbẹ̀ ni, ará Òkèihò ni. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀yìn òun ni ó wà nígbà rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèihò ní ọdún 1916, nígbà tí àwọn ará ìlú kọ ètò ìjọba tí òyìnbó gbé kà wọ́n lórí, tí àwọn sójà sì dé. Ọdún 2008 ni Bàbá papò dà. Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n nínú wàhálà yẹn rí ọmọ, ó rí ọmọ-ọmọ, ó sì fi ọwọ́ gbé ọmọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti ta omi tútù sílẹ̀ fún Ògún, yóò ti pa obì, yóò sì fi oríkì jí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí ẹran tó lóyún nínú igbó, á sọ ìbọn kalẹ̀. Irọ́ ni ohun tó kórìíra jù lọ. Bí àwa ọmọdé bá ń jiyàn nípa ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò, á gbé àdá rẹ̀ sáàárín wa, á ní, "Irin kò mọ àwáwí." Kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni búra tí olè yóò fi bú sẹ́kún.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, Bàbá wà lára àwọn tó tètè fi ọmọ sílẹ̀. Owó ẹran ìgbẹ́ ni ó fi dá aṣọ ilé-ìwé fún bàbá mi. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti mọ ìwé. Ibẹ̀ náà ni ó ti gbọ́ pé iṣẹ́ òkùnkùn ni ohun tí ẹni tó rán òun níwèé ń ṣe láàárọ̀. Bàbá gbọ́, kò bá a jà. Bàbá mi di alàgbà nínú ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà.

Nígbà tí Bàbá lọ, ẹbí pinnu pé ìsìnkú onígbàgbọ́ ni a ó ṣe. A rán ankárá, a pa màlúù, a tẹ ìwé ètò ìsìn. Nínú ìwé náà, ìpínrọ̀ kan péré ni ó sọ nípa ayé rẹ̀. Ó ní ó jẹ́ ọdẹ, ó bí ọmọ mẹ́sàn-án, ó sì gba Jésù lórí ibùsùn àìsàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo kọ ìpínrọ̀ yẹn. Irọ́ ni. Mo pa irọ́ mọ́ ẹni tó kórìíra irọ́, lójú òkú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọdẹ dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìṣípà ẹlẹgbẹ́ àwọn. Èmi ni wọ́n rán sí ẹnu ọ̀nà láti sọ fún wọn pé a kò ní gbà. Àgbà tó ṣáájú wọn wò mí títí, ó ní, "Ọmọ, ẹ ti sin bàbá yín. A ó máa retí ọjọ́ tí ẹ ó fún wa ní ọdẹ wa." Wọ́n sì yí padà.

Ọdún mẹ́fà ni ìbọn ṣakabùlà, àpò àti ẹ̀wù ọdẹ Bàbá fi wà lórí àjà. Ẹ má retí kí n sọ pé àjálù jà nílé wa. Kò sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá, kí ni Bàbá Àgbà ṣe láyé?" Mo wá ìdáhùn, ìpínrọ̀ irọ́ yẹn nìkan ni mo rí.

Ní ọdún 2014 mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ọdẹ. Nínú àwọn tí mo lé padà, mẹ́ta ló kù. Wọ́n ní kí n wá obì, ẹmu, iṣu sísun àti ẹ̀wà. Òru mọ́jú ni wọ́n fi sun ìrèmọ̀jé. Ẹnu wọn ni a ti gbọ́ pé Bàbá sun igbó fún òru mẹ́rin nígbà kan láti wá ọmọ ọlọ́mọ tó sọnù; ọmọ náà, tó ti hu ewú, jókòó láàárín wa lóru yẹn. Ẹnu wọn ni a ti gbọ́ pé ó ro oko opó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọdún méje. Àwa rò pé ìgbẹ́ ọdẹ ló ń lọ.

Bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìn, nínú òkùnkùn. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti wà níwájú, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù ọdẹ sínú agbọ̀n, tí wọ́n ń gbé e lọ sídìí igi, ó tẹ̀lé wọn dé ẹnu igbó. Ó ṣì ń lọ sí ìjọ rẹ̀, n kò sì bá a jà, nítorí Bàbá kò bá a jà.

Ní ọdún 2023 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Inú wa dùn, ó yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ìsinmi kò lè sun ìrèmọ̀jé. Nínú àwọn àgbà mẹ́ta yẹn, ẹyọ kan ló kù láyé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa lọ jókòó tì wọ́n. Fóònù lè gba ohùn sílẹ̀, kò lè gbe orin. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ bi í bí ó ṣe fẹ́ kí a sin òun, kí ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí.

Ní tèmi, mo wá tún ìpínrọ̀ kan kọ. Bàbá wa Àgbà kò yí padà. Ògún ni ó sìn títí ó fi lọ. Kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí a tún fi ẹnu wa pa àwọn bàbá wa. Àṣẹ.