Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Lórí Ẹ̀kọ́ Olórí

 

Láyé ìsinsìnyí, tàgbà tọmọdé ló ń fi fóònù ka ẹ̀kọ́: bí a ti í ṣe olórí, bí a ti í ṣọ́wó ná, bí èèyàn ṣe lè tún ìwà ara rẹ̀ ṣe. Ó dára, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a kà tí kò dé ìsọ̀ wa, tí kò dé inú àpótí owó ẹgbẹ́, eré lásán ni.

Ẹ wo àwọn ìyá tó ṣe olórí ṣáájú wa. Ìyá Àlímótù Pẹlẹ́wúrà, ẹja ló ń tà l'Ékòó. Kò mọ̀wé kà rárá. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó ní 1940, ó kó wọn lẹ́yìn. Wọ́n ní kí wọ́n bá wọn kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n tẹ̀ka sí i, ìjọba sì tún òfin náà ṣe débi pé kò kan ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Lásìkò ogun Hitler, ìjọba tún gbé òfin iye owó oúnjẹ dé. Wọ́n fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ pé kó ti àwọn lẹ́yìn, ó kọ̀. Kì í ṣe ìwé ló sọ ọ́ di olórí. Owó ò lè rà á kúrò lẹ́yìn èèyàn rẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi ìyẹn sọ pé ìwé ò wúlò o. L'Ábẹ́òkúta, ní 1944, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé, tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Olùkọ́ wá di akẹ́kọ̀ọ́! Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn ní 1945, ìyà ìrẹsì náà sì dópin. Ní 1946 wọ́n ṣí ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin. Ìyá tó kàwé dé ìlú òyìnbó yìí, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ lọ bá wọn, Yorùbá ló sì ń sọ. Ìjà tí wọ́n jọ jà ló jẹ́ kí ìjọba dá owó-orí obìnrin dúró. Kábíyèsí Aláké pàápàá fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, kí wọ́n tó padà ní 1950.

Nítorí náà, bí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ lórí fóònù:

1. Ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ti ṣe rí. Ẹni tó ní òun á sọ yín dolówó lọ́sẹ̀ kan, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́, ẹ sá fún un. Nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni.

2. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ dán an wò ní ìsọ̀ fún oṣù kan. Bó bá ní kí ẹ máa kọ ọjà tí ẹ tà sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ lálaalẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ bá a kọ.

3. Kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè fún ẹnìkejì rẹ̀, kó sì gbọ́ èsì tiẹ̀.

4. Ti àwa olóyè ló le jù. Gbogbo ẹ̀kọ́ olórí ló ní kí a jíhìn. Láti ìpàdé tó ń bọ̀, n ó máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sétígbọ̀ọ́ gbogbo yín. Ẹni tó bá béèrè, kódà bó jẹ́ aláwo ata kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ ká fojú burúkú wò ó. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ajé á wọgbá o.