YÍYỌ KÌ Í ṢE JÍJÙ SÍTA: Ẹ̀KỌ́ KAN LÁTI ARA ÌBỌN ÌLÉWỌ́

Ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ nípa ìbọn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá. Ìbọn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọmọ̀wé ní Amẹ́ríkà, mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ìbọn ìléwọ́ ta àmì. Ọta kékeré tí a ń pè ní .22 Long Rifle, tí ó ti wà láti ọdún 1887, ni à ń lò. Ní ọjọ́ ìdíje kan, èèpo ọta há sí ìbọn mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ké sí àgbà kan pé, 'Ìbọn mi kò ju èèpo síta mọ́.' Mo ti mú ọ̀bẹ láti fi wú u jáde. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n kọjú ìbọn sí ibi àmì, kí n yọ àpò ọta kúrò, kí n sì kọ́kọ́ sọ ibi tí èèpo náà wà.

Ìbéèrè náà jinlẹ̀. Bí ẹ̀tù bá gbiná, agbára rẹ̀ a ti èèpo àti irin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sẹ́yìn. Ìkọ́ kékeré kan a di etí èèpo mú bí irin náà ti ń padà: yíyọ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, èèpo a kọ lu irin mìíràn tí kì í kúrò lójú kan, a sì fò jáde: jíjù síta nìyí.

Bí èèpo bá ṣì wà nínú ihò ọta, yíyọ ni kò ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìdọ̀tí ẹ̀tù àti ìda ara ọta ti dí ihò náà, tàbí bóyá ẹnu ìkọ́ ti kán. Ṣùgbọ́n bí èèpo bá ti kúrò nínú ihò, tí ó wá dúró ṣánṣán lójú ọ̀nà àbájáde, yíyọ ti ṣẹlẹ̀. Jíjù síta ni ó kùnà. Ẹ wo irin tí èèpo ń kọ lù bóyá ó ti jẹ. Ẹ wò ó bóyá agbára ọta kò ká sípíríǹgì ńlá, bóyá òróró ti gbẹ, tàbí bóyá ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín ni ó dẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó wo àrùn náà sàn.

Ní ti ọ̀bẹ mi, inú etí ọta .22 ni èròjà tí ń gbiná wà. Bí ohun tí a pè ní èèpo bá jẹ́ ọta tí kò tíì dún, títẹ etí rẹ̀ lè mú un bú gbàmù.

Inú ihò ni èèpo tèmi wà. Sípíríǹgì tuntun tí mo ti fowó rà kò wúlò. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti òróró ni ó tán ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ìdíje ti kọjá.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí a bá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan 'kò mọ̀wé', èwo ni à ń wí? Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé ni, àbí ẹni tí ó yé tí kò lè sọ ọ́ jáde? Ìwòsàn wọn kò jọra. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ibi tí èèpo wà kí a tó mú ọ̀bẹ.